Ẹni Tí Ìbò Rẹ̀ Pọ̀ Jù àti Ẹni Tí Ọ̀pọ̀ Yàn



Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi ń ṣe ẹgbẹ́ kan ní ọjà. Ọgbọ̀n obìnrin ni wọ́n, ọdọọdún ni wọ́n sì máa ń ra aṣọ ẹgbẹ́. Lọ́dún kan, ọ̀rọ̀ aṣọ pín wọn sí mẹ́ta. Àwọn kan fẹ́ léèsì, àwọn kan fẹ́ àǹkárá aláwọ̀ búlúù, àwọn yòókù fẹ́ àǹkárá aláwọ̀ ewé. Alága ní kí kálukú nawọ́ sókè. Méjìlá nawọ́ sí léèsì, mẹ́wàá sí búlúù, mẹ́jọ sí aláwọ̀ ewé. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé léèsì ló wọlé. Owó léèsì ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó àǹkárá. Ìyá mi délé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láì tíì bọ́ gèlè, ó ní: "Àwa méjìdínlógún la ò fẹ́ léèsì. Léèsì náà la sì máa rà."

Mi ò tíì gbọ́ ẹni tó ṣàlàyé ètò ìdìbò orílẹ̀-èdè wa dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fetí sí bí àwa oníròyìn ṣe ń ka èsì ìbò. A ó ní lágbájá ti gbégbá orókè, a ó ní òun ló ní ìbò tó pọ̀ jù. Òótọ́ la sọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ etí ẹlòmíràn, ohun tó máa gbọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló yan ẹni náà. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, èdè wa sì mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí a bá ní nǹkan pọ̀ jù, a ti fi wé òmíràn ni. Bí a bá ní ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ ẹ, a ń sọ pé bí wọ́n bá pín gbogbo wa sọ́nà méjì, apá tó fẹ́ ẹ ni yóò wúwo jù. Léèsì pọ̀ ju búlúù lọ, ó pọ̀ ju aláwọ̀ ewé lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin yẹn kò fẹ́ ẹ.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Olùdìbò kọ̀ọ̀kan ní ìtẹ̀ka kan ṣoṣo. Yóò tẹ̀ ẹ́ síbi àmì ẹgbẹ́ kan, yóò ká ìwé ìbò náà, yóò jù ú sínú àpótí. Kò sí àyè kankan lórí ìwé náà tó ti lè sọ pé, bí ẹni tí mo fẹ́ ò bá rí i mú, ẹni báyìí ni kó jẹ́. Wọ́n á ka ìbò. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju ti ẹnì kọ̀ọ̀kan yòókù lọ ló wọlé, ìbáà jẹ́ ìbò kan péré ló fi jù ú lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹni méjì ló ń du ipò, kò sí ìṣòro rárá, nítorí ẹni tó bá ṣáájú ti ní ju ìdajì lọ. Ìgbà tí wọ́n bá di mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iye tó lè gbé ènìyàn wọlé ń kéré sí i.

Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti kọ́ ètò ìbò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò sílé ìgbìmọ̀ ní Nàìjíríà ni ọdún 1923, ní Èkó àti Calabar nìkan. Ẹgbẹ́ Herbert Macaulay ló kó ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ti Èkó. Obìnrin kankan ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò nígbà náà, ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò bá sì tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti máa wò wọ́n. Láti ìgbà náà wá, a ti ṣí ẹnu ọ̀nà náà sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà tí a ń gbà ka ìbò ni a ò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò.

Bó bá di ti ìpínlẹ̀, ohun tí òfin wí ni pé kí olùdíje fún ipò gómìnà ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Òfin náà ò sọ̀rọ̀ ìdajì rárá bí àwọn olùdíje bá ti ju méjì lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí n kò mọ ibi tí a ti lè rí ọ̀rọ̀ yìí kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ẹni mẹ́ta tí gbogbo ìpínlẹ̀ mọ̀ ló kojú ara wọn. Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà ni gómìnà tó wà lórí àléfà, PDP ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Rashidi Ládọjà díje lábẹ́ Accord. Ládọjà yìí ni àwọn aṣòfin yọ nípò ní oṣù kìíní ọdún 2006, tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì dá a padà kí ọdún náà tó parí. Ẹnì kẹta ni Abíọ́lá Ajímọ̀bí, lábẹ́ ACN. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Ajímọ̀bí ní 420,852, Akálà ní 387,132, Ládọjà sì ní 275,773. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì jẹ́ 33,720. Ìbò ẹnì kẹta ju ìlọ́po mẹ́jọ ìyàtọ̀ yẹn lọ.

Ẹ má jẹ́ ká sáré sọ pé, ká ní Ládọjà ò jáde ni, Akálà ì bá wọlé. Akálà ni igbákejì tó bọ́ sórí àga nígbà tí wọ́n yọ Ládọjà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ka fún Ládọjà gba ọ̀dọ̀ Ajímọ̀bí lọ, kí àwọn kan sì jókòó sílé. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n. Àwọn ènìyàn tó ju 275,000 lọ dìbò, wọn ò sì ní ẹnu kankan lórí ta ni kó jẹ́ gómìnà nínú àwọn méjì tó ṣáájú.

Ọdún 2015 ló wá yani lẹ́nu jù. Ajímọ̀bí tún jáde, lábẹ́ APC lọ́tẹ̀ yìí. Ládọjà jáde. Akálà ti lọ sí Labour, òun náà jáde. Teslim Fọ́lárìn ló gbé àsíá PDP. Ẹnì kan tí ọ̀pọ̀ ò kà sí nígbà náà, Ṣèyí Mákindé, wà lábẹ́ SDP. Ajímọ̀bí ní 327,310. Ládọjà ní 254,520, Akálà ní 184,111, Fọ́lárìn ní 79,019, Mákindé ní 54,740. Bí ẹ bá da ìbò àwọn mẹ́rin tó fìdí rẹmi yìí pọ̀, 572,390 ni.

Ẹ tún wò ó dáadáa. Ìbò Ajímọ̀bí fi ohun tó ju 93,000 dín sí ti ọdún 2011. Àwọn tó fẹ́ ẹ ò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, àlàfo tó wà láàárín òun àti ẹni tó tẹ̀ lé e, tó jẹ́ 33,720 nígbà àkọ́kọ́, ti di 72,790. Ìbò rẹ̀ wálẹ̀, ìṣẹ́gun rẹ̀ sì fẹ̀ sí i! Kò sí gómìnà tó ṣe sáà méjì rí ní Ọ̀yọ́ ṣáájú rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń kì í ní Kóṣélèrí. Mi ò gba oyè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ètò ìbò náà bó ṣe rí, ó sì borí nínú rẹ̀ láì yẹ òfin. Àwọn tó kojú rẹ̀ ló pín ara wọn sọ́nà mẹ́rin.

Wọ́n kọ́gbọ́n. Nígbà tí ìbò oṣù kẹta ọdún 2019 ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ. Sharafadeen Alli, olùdíje ZLP tó jẹ́ ẹgbẹ́ Ládọjà, sọ̀ kalẹ̀ fún Mákindé tó ti wà ní PDP. Fẹ́mi Láńlẹ́hìn ti ADC ṣe bẹ́ẹ̀, Bọ́lájí Ayọ̀rìndé ti SDP náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní òdìkejì, Akálà tó wà ní ADP fà sẹ́yìn fún Adébáyọ̀ Adélabú ti APC. Àwọn olùdíje tó lórúkọ wá ku méjì. Mákindé ní 515,621, Adélabú ní 357,982. Ọkùnrin tó mú ipò karùn-ún pẹ̀lú 54,740 ní ọdún mẹ́rin ṣáájú wá wọlé pẹ̀lú ohun tó ju ìdajì lọ. Ẹgbẹ́ ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ràn án lọ́wọ́, bí nǹkan ṣe rí lára àwọn aráàlú náà ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn yẹn ò bá sọ̀ kalẹ̀, ta ló mọ̀ bóyá àlàfo ọdún 2015 tún ì bá ṣí sílẹ̀?

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Maurice Duverger ti kọ ọ́ sínú ìwé láti ọdún 1951 pé ibi tí wọ́n bá ti ń dìbò lọ́nà báyìí, ẹgbẹ́ ńlá méjì ló sábà máa ń ṣẹ́ kù nígbẹ̀yìn. Àwọn olóṣèlú wa ò nílò ìwé rẹ̀. Ní ọdún 2013 ni ACN, CPC àti ANPP da ara wọn pọ̀ di APC, nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí èyí tó lè dá PDP gbé ṣánlẹ̀ nínú wọn.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Bí àwọn ènìyàn bá pín sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn kan gbọ́dọ̀ da ìbò wọn pọ̀ kí ìjọba tó lè jẹ́ ti ọ̀pọ̀. Ìdàpọ̀ náà lè ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ àwọn olóṣèlú. Ó sì lè ṣẹlẹ̀ níwájú àpótí ìbò, lójú gbogbo ayé, láti ọwọ́ olùdìbò fúnra rẹ̀. Èyí tí ètò tiwa mọ̀ ni ti pálọ̀.

Ẹ rántí Ọ̀ṣun, ọdún 2018. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹsàn-án, Adémọ́lá Adélékè ti PDP ní 254,698, Gbóyèga Oyètọ́lá ti APC ní 254,345. Ìbò 353 péré ló wà láàárín wọn. Àjọ elétò ìdìbò, INEC, ní ìbò náà kò tíì parí, nítorí wọ́n ti fagi lé ìbò ní ibùdó ìdìbò méje, ní Orolu, ní Gúúsù Ifẹ̀, ní Àríwá Ifẹ̀ àti ní Òṣogbo, níbi tí orúkọ ènìyàn 3,498 wà nínú ìwé. Ta wá ni ọba ọ̀sẹ̀ náà? Ìyíọlá Omíṣore, olùdíje SDP tó mú ipò kẹta pẹ̀lú ìbò tó ju 128,000 lọ. Àwọn ènìyàn ńláńlá láti ẹgbẹ́ méjèèjì ń sáré lọ bá a ní Ilé-Ifẹ̀. Ó fara mọ́ APC. Nígbà tí wọ́n tún ìbò dì lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oyètọ́lá fi ìbò 482 ṣíwájú, 255,505 sí 255,023. Wọ́n jà á délé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ibẹ̀ ló sì parí sí ní oṣù keje ọdún 2019, Oyètọ́lá ló jàre. Ẹni tó wọlé náà kò ní méjì nínú márùn-ún gbogbo ìbò ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tó fìdí rẹmi náà kò ní in. Àwọn ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádóje tó dìbò fún Omíṣore ńkọ́? Nínú ilé ni wọ́n wà tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò ibi tí olórí wọn máa gbà lọ.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ wa, mo mọ̀ pé ọdún 1979 ló ti ń sọ sí yín lọ́kàn. Ẹni márùn-ún ló du ipò ààrẹ. Shehu Shagari ní 5,688,857, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651, Nnamdi Azikiwe, Aminu Kano àti Waziri Ibrahim pín èyí tó kù. Ìbò Shagari kò tó ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ṣe òfin ti rí àléébù ìbò tó pọ̀ jù, wọn ò sì fẹ́ kí ẹ̀yà kan ṣoṣo lè fi iye rẹ̀ gbé ààrẹ wọlé. Ni wọ́n bá fi kún un pé kí ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ mọ́kàndínlógún. Shagari ní in ní méjìlá. Ìdá méjì nínú mẹ́ta mọ́kàndínlógún jẹ́ méjìlá àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ṣé wọ́n máa ń gé ìpínlẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ni? Richard Akínjídé, agbẹjọ́rò ará Ìbàdàn tó ń gbẹnu sọ fún NPN, ẹgbẹ́ Shagari, ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ìdá méjì nínú mẹ́ta Kano, tó jẹ́ ìpínlẹ̀ kẹtàlá, la máa mú. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, lábẹ́ Atanda Fatai-Williams, dá Shagari láre ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án. Káyọ̀dé Èṣó nìkan ló sọ nínú àwọn adájọ́ náà pé òun ò gbà bẹ́ẹ̀. Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ ìṣirò yẹn níbi tí àwọn àgbà Yorùbá bá jókòó sí, oúnjẹ á tutù.

Ní ọdún 2023, ìbò tó kún ojú òṣùwọ̀n jẹ́ 24,025,940. Bọ́lá Tinúbú ní 8,794,726, Atiku Abubakar ní 6,984,520, Peter Obi ní 6,101,533. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ìdá 36 àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ẹni tó wọlé. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló wà láàárín ìbò méjèèjì, ìdá tó gbé ààrẹ wọlé kò sì yàtọ̀ púpọ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní Peckham ní London, mi ò gbàgbé yín. Bí ẹ ti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ní ìwé ìgbélùú, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò sílé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì, nílé ẹni tó kọ́ wa gan-an. Ní oṣù keje ọdún 2024, ẹgbẹ́ Labour kó ìjókòó 411 nínú 650, pẹ̀lú ìbò tó jẹ́ ìdá 34 ó dín díẹ̀. Ẹgbẹ́ Reform ní ìbò tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ, ìjókòó márùn-ún ni wọ́n fún un. Liberal Democrats tí ìbò wọn kò tó ti Reform kó 72, nítorí pé àwọn tó fẹ́ wọn ṣùpọ̀ sí àdúgbò kan náà, nígbà tí ti Reform fọ́n káàkiri, tí wọ́n ń mú ipò kejì níbi púpọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn Reform tàbí tó kórìíra rẹ̀, kó ṣáà gbé nọ́ńbà méjèèjì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ṣé ọ̀nà mìíràn wà? Ó wà, kò sì jìnnà sí wa. Ẹ sọdá Sẹ̀mẹ̀, ẹ ti dé orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ará Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ti ń dìbò. Níbẹ̀, bí kò bá sí ẹni tó ní ju ìdajì lọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn méjì tó ṣáájú yóò tún kojú ara wọn. Ní ọdún 1996, Nicéphore Soglo tó jẹ́ ààrẹ ló ṣáájú lẹ́ẹ̀kìíní, Mathieu Kérékou tẹ̀ lé e. Ká ní ètò tiwa ni, Soglo ti wọlé nìyẹn. Adrien Houngbédji, tó mú ipò kẹta, ní kí àwọn tirẹ̀ dìbò fún Kérékou, wọ́n jáde lẹ́ẹ̀kejì, Kérékou sì wọlé. Houngbédji di olórí ìjọba lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ó ní, ṣebí pálọ̀ náà ló wọ̀? Òótọ́ ni, ó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn pálọ̀ rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ tún ní ìtẹ̀ka kan lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ tẹ̀ lé e lè gba ibòmíràn lọ. Àwọn ará Ọ̀ṣun tó dìbò fún Omíṣore kò ní irú ìtẹ̀ka bẹ́ẹ̀, àyàfi ìwọ̀nba tí ibùdó wọn wà nínú méje yẹn.

Wọ́n máa ń sọ fún mi pé ìbò lẹ́ẹ̀mejì yóò gbówó lórí, pé àwọn ènìyàn ò ní jáde lẹ́ẹ̀kejì, pé jàgídíjàgan lẹ́ẹ̀kan ti tó. Ti owó yẹn, mo gbà. Ti jàgídíjàgan, ó ń bà mí nínú jẹ́ pé òun la fi ń díwọ̀n ohun tí ọmọ ènìyàn lè rí gbà. Síbẹ̀, fún ipò gómìnà ní pàtàkì, mo rò pé ó yẹ ká ṣe é. Gómìnà kan ń ṣe ọdún mẹ́rin lórí ilé ìwé wa, omi wa, owó oṣù àwọn olùkọ́ wa. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i kí a fi mọ̀ bóyá ọ̀pọ̀ wa gbà á, kò pọ̀ jù lójú mi.

Ẹgbẹ́ ìyá mi ṣe é. Lọ́jọ́ ayẹyẹ léèsì yẹn, méje nínú wọn ò wá, nítorí wọn ò rówó rà á. Ní ọdún kejì, alága ní kí wọ́n nawọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n yọ èyí tó kéré jù, kí wọ́n sì tún nawọ́. Kò gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àǹkárá búlúù ló wọlé, ọgbọ̀n wọn ló sì wọ̀ ọ́.

Títí òfin yóò fi yí padà, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ kan. Nígbà tí a bá tún ń ka èsì ìbò lórí rédíò yìí, ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ kọ ìbò ẹni tó wọlé sí apá kan. Ẹ ro ti gbogbo àwọn yòókù pọ̀, ẹ kọ ọ́ sí apá kejì. Bí apá kejì bá pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí ẹ sì gbọ́ tí oníròyìn wa kan sọ pé ọ̀pọ̀ aráàlú ló yan ẹni náà, ẹ pè wá lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ká tún un sọ.